Ẹni Tó Mọ Ìwà Aláìsàn Tẹ́lẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ní ìlú Ìwó níbi tí mo ti ń kàwé, kò sí ọmọ iléèwé tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Bí a bá gbé e yẹ̀ wò dáadáa, ohun méjì ló ń sọ. Èkíní ni pé ojú ọjà ni àwọn ènìyàn ti ń wo aláìsàn ọpọlọ bí ẹni ń wo eré. Èkejì ni pé inú ilé ni ìyà àìsàn náà wà, lọ́dọ̀ àwọn tó bí i àti àwọn tó bá a tan. Àròkọ mi dá lórí ìtàn bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn tí àìsàn wọn ní ojú méjì: ojú kan tó ń pariwo, ojú kejì tó dákẹ́. Láti ọjọ́ pípẹ́, ojú tó ń pariwo ni àwùjọ wa ń rí. Ojú tó dákẹ́, tó sì máa ń gba ẹ̀mí, a kì í sábà rí i. Èrò mi ni pé ìgbà tí a fi ẹni tó mọ ìwà aláìsàn tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú kejì yìí.

Àìsàn tí mò ń sọ ni àwọn dókítà ń pè ní bipolar lóde òní. Dókítà ará Jámánì kan, Emil Kraepelin, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1899, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àrùn ọpọlọ mìíràn. Ẹni tó bá ní in máa ń la ìgbà méjì kọjá. Ní ìgbà kan, ara rẹ̀ á yá gágá ju bó ṣe yẹ lọ: kò ní fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, á máa ná owó tí kò ní, á rò pé kò sí ohun tí òun kò lè ṣe. Ní ìgbà mìíràn, ìsoríkọ́ á mú un: kò ní lè dìde lórí ibùsùn, oúnjẹ kò ní wù ú, á máa rí ara rẹ̀ bí ẹrù lórí ẹbí. Láàárín ìgbà méjèèjì, ó lè pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò dá ṣáṣá, tí yóò máa ṣiṣẹ́ bí gbogbo ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé ewu kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 20 sí 30 ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ yìí.

Kí òyìnbó tó dé, a ti ní àwọn oníṣègùn tó ń wo wèrè. Wọ́n a máa gba aláìsàn sínú ilé wọn, ẹbí a sì máa wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan pàtàkì nínú egbòogi wọn ni asọ́fẹ́yẹjẹ. Ó máa ń mú kí ara tó gbóná rọlẹ̀, kí aláìsàn sì rí oorun sùn. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine jáde lára ewéko Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asọ́fẹ́yẹjẹ wa, àwọn dókítà sì fi tọ́jú àrùn ọpọlọ káàkiri ayé. A kò lè sọ nígbà náà pé àwọn baba ńlá wa kò mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ariwo ni ìtọ́jú wọn sábà ń dojú kọ. Ẹni tó ń jà, tó ń sá kiri, tó ń bọ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n á dè é, wọ́n á fún un ní àgbo. Nígbà tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti yá. Bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lè jẹ́ ojú kejì àìsàn ọ̀hún.

Ìjọba òyìnbó kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1907, wọ́n ṣí ilé kan fún àwọn wèrè ní Yábàá, ní Èkó. Ní 1916, wọ́n ṣe òfin tó fún wọn lágbára láti mú ẹni tí wọ́n bá kà sí wèrè kí wọ́n sì tì í mọ́lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú ilé bẹ́ẹ̀ jọ àtìmọ́lé ju ilé ìwòsàn lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun wa padà wálé pẹ̀lú àrùn ọpọlọ. Ní 1944, ìjọba kó wọn sí Lantoro ní Abẹ́òkúta, ibi tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó lọ jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣàìsàn, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n fi kí i káàbọ̀. Ta ni wọ́n sì ń mú láàárín ìlú? Ẹni tó ń da ìlú láàmú ni. Ẹni tó jókòó sínú yàrá rẹ̀ tó ń sunkún kò da ẹnikẹ́ni láàmú, nítorí náà orúkọ rẹ̀ kò wọ inú ìwé wọn.

Nítorí pé orúkọ irú wọn kò sí nínú ìwé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọn kò sí rárá. J. C. Carothers, dókítà òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1953. Ó ní ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn dúdú, ó sì so ó mọ́ bí ọpọlọ wa àti àṣà wa ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ni. Yàtọ̀ sí ẹ̀gàn, ìṣirò rẹ̀ pàápàá kò dúró, nítorí pé àwọn tó dé ilé ìwòsàn ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń wò. Ẹni tó ka ẹja inú agbọ̀n kò tíì ka ẹja inú odò.

Thomas Adéoyè Lambo wà lára àwọn tó já irọ́ náà. Wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School nílùú náà, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, lẹ́yìn náà ó kọ́ nípa ìwòsàn ọpọlọ ní London. Ní 1954, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àkóso rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tuntun ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Kàkà kí ó kó gbogbo aláìsàn jọ sínú ọgbà kan, ó bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ní ọ̀sán, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, á padà sí abúlé láàárín àwọn tó ń dáko, tó ń ta ọjà, tó ń sọmọ lórúkọ. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Ó sì ní ìlànà kan tí kò fi ṣeré: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àǹtí rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa gbọ́ oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹnì kan lè rò pé nítorí oúnjẹ àti aṣọ fífọ̀ nìkan ni. Èmi rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òní ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé aláìsàn. Kò mọ bó ṣe rí ní ọdún tó kọjá. Bí ọkùnrin kan bá ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ṣé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ láti kékeré nìyẹn, àbí àìsàn ló ń sọ̀rọ̀? Bí obìnrin kan bá jókòó jẹ́ẹ́, ṣé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, àbí ìsoríkọ́ ti gbé e mì? Ìyá rẹ̀ mọ̀. Bí ìyá bá sọ pé, "Rárá o, dókítà, ọmọ mi kì í ṣe báyìí," ó ti sọ ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò kankan kò lè sọ. Ìyípadà ni àmì àìsàn yìí, kò sì sí ẹni tó lè rí ìyípadà bí kò ṣe ẹni tó mọ ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Lambo kò dúró síbẹ̀. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n lọ bá àwọn ènìyàn nílé wọn ní àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé ìsoríkọ́ wà láàárín wa dáadáa. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá ti dókítà mu nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn lè ka àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àìróorunsùn, ara tí kò gbé kánkán, ìbànújẹ́ tí kò lọ. Ní ọdún 1961 yìí kan náà, àwọn dókítà ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè káàkiri Áfíríkà ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta.

Ní 1962, Dókítà Tọ́lání Asuni, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé nípa ìgbẹ̀mí ara ẹni ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ó yẹ àwọn ìwé ìwádìí ikú tí ìjọba ń tọ́jú wò, iye tó sì bá níbẹ̀ kò tó ẹnì kan nínú 100,000 lọ́dún. Iye náà kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: nínú ìdílé Yorùbá, ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n kọ irú ikú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Ètùtù wà tí wọ́n máa ń ṣe, wọn kì í sì í sábà sin ẹni bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin àgbà tó kú ikú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹbí á ní inú rírun ni, tàbí àwọn ọ̀tá. Ohun tí a bá fi pamọ́, ìwé kò lè kà á.

Ìwà ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló mú kí n yan orí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn onímọ̀ òde òní ti rí i pé láàárín àwọn tó ní àìsàn olójú méjì yìí, ewu ìgbẹ̀mí ara ẹni kò dọ́gba. Ó máa ń pọ̀ sí i lára àwọn tó ń ṣe nǹkan láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn onínúfùfù, àwọn tí ọkàn wọn tètè ń dàrú, àti àwọn tí àìnírètí ti bá gbé pẹ́. Ọtí líle àti oògùn olóró máa ń dá kún un. Ẹni tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí ni kí a ṣọ́ jù. Ìgbà kan tún wà tí ojú méjèèjì máa ń pàdé, tí ọkàn bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí ara kò balẹ̀. Ìgbà yẹn léwu gan-an.

Ṣùgbọ́n ìwà kọ́ ni àìsàn. Ọ̀pọ̀ onínúfùfù ló wà tí ara wọn le koko. Koríko gbígbẹ kì í ṣe iná, àmọ́ ẹni tó ní koríko gbígbẹ lẹ́yìn ilé kì í jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìwà púpọ̀. À ń sọ pé ìwà lẹwà, à ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń di ìṣòro ni pé bí àìsàn bá gba sùúrù lọ́wọ́ ẹnì kan, a máa ń dá ẹni náà lẹ́bi bí ẹni pé òun ló ta ìwà rẹ̀ nù.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta aṣọ. Bí àìsàn bá gbé e sókè, á máa ta aṣọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, á pín òmíràn fún àwọn èrò ọ̀nà, àwọn ènìyàn á máa pè é ní aláàánú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á ní ìgbéraga ni, kì í kí ènìyàn mọ́. Orúkọ ìwà ni wọ́n fún ojú méjèèjì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nìyí." Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀, ó ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n bá òun tọ́jú àwọn ọmọ òun. Àbúrò rẹ̀ kò fi ṣe ẹ̀rín. Ó sùn tì í lóru ọjọ́ náà, ó sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Obìnrin náà wà láàyè lónìí, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà.

Òwe kan wà tí mo fẹ́ kí á fi sí àyè rẹ̀: ikú yá ju ẹ̀sín. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ ọba, ọba náà gbọ́dọ̀ kú. Bẹ́ẹ̀ ni ti Aláàfin Aólẹ̀ rí ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ìdájọ́ ìlú lórí oyè ni ìyẹn; kì í ṣe ohun tí ènìyàn kan jókòó sínú yàrá rò. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú yàtọ̀. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ló ń purọ́ fún un pé ojú ti tì í, pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ ẹ mọ́. Bí a bá wá ń pa òwe yìí létí rẹ̀, irọ́ àìsàn ni à ń ràn lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀sín nínú àìsàn.

Òfin pàápàá ti dá kún ìtìjú náà. Apá 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó gbé fún wa sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú irú òfin bẹ́ẹ̀ wá fagi lé tiwọn ní 1961, ọdún tí àwọn dókítà Áfíríkà ń ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta. Tiwa kò kúrò nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe àtúnṣe tirẹ̀ ní 2011, ó ní kí ilé ẹjọ́ fi ẹni náà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Orílẹ̀-èdè Ghana yí tirẹ̀ padà ní 2023. Ẹ ro ó wò: bí ẹbí bá mọ̀ pé ọlọ́pàá lè wọ ọ̀rọ̀ náà, ṣé ilé ìwòsàn ni wọn yóò gbé aláìsàn lọ, àbí wọn yóò tì í mọ́ yàrá? Òfin tó yẹ kó dẹ́rù ba ikú, aláìsàn ló ń dẹ́rù bà.

Ìròyìn ayọ̀ wà pẹ̀lú. Ní 1949, John Cade ní Ọsirélíà rí i pé lithium lè mú kí ara tó gbóná jù rọlẹ̀. Mogens Schou ní Denmark dán an wò síwájú sí i láti 1954. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí fi hàn pé oògùn yìí máa ń dín ìgbẹ̀mí ara ẹni kù láàárín àwọn tó ní àìsàn bipolar. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan kí á gbàgbé. Dókítà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, aláìsàn kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí ara bá sì ti ń yá gágá, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé, "Ara mi ti dá, n kò lo oògùn mọ́." Ta ni yóò rí i pé oògùn ti wà lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ kan? Kì í ṣe dókítà. Ẹni tó wà nínú ilé ni. Ọgbọ́n Aro kò tíì gbó.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ìgbésẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n òfin kò lè sùn ti ẹnikẹ́ni lóru. Àwa ọmọ iléèwé ní ipa tiwa. Láàárín àwọn tó wà ní ọmọ ọdún 15 sí 29, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìgbẹ̀mí ara ẹni sí ìdí kẹta tó ń fa ikú jù lọ ní ayé. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń ṣàwàdà bá dédé dákẹ́, bí ẹni tó dákẹ́ bá dédé ń ná owó bí ẹlẹ́dà, má fi orúkọ ìwà pè é kí o tó béèrè. Bi í pé ṣé ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè kì í gbin èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn. Ó máa ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ni. Má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Sọ fún àgbàlagbà tí o fọkàn tán, bí ó tilẹ̀ bẹ̀ ọ́ pé kí o pa á mọ́ sínú. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, láti Ìwó, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kò jìnnà, ilé ìwòsàn Yunifásítì wà ní Ilé-Ifẹ̀, Aro sì ṣì wà ní Abẹ́òkúta. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ tó ń ka èyí ni ọkàn rẹ wúwo, sọ fún ẹnì kan lónìí. Bó o ṣe rí lónìí kọ́ ni gbogbo bó o ṣe jẹ́.

Ìlú odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó. Àdúrà àwọn àgbà wa sì ni pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ẹyẹ tó bá jáde lọ wá oúnjẹ gbọ́dọ̀ padà sílé. Àìsàn yìí máa ń gbé ènìyàn lọ sí oko tó jìn. Ohun tí ìtàn Aro kọ́ mi ni pé kí ẹnì kan wà nílé tó mọ ohùn ẹyẹ náà, tí yóò tètè mọ̀ pé kò tíì wọlé, tí yóò sì jáde lọ wá a.